Ẹ má ṣe se ọbẹ̀ onítàǹsíọ̀n lọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí púpọ̀ nínú wa ní Ifangni ń pè ní tàǹsíọ̀n. Láti Igolo dé Banigbé, láti Daagbé dé Tchaada, ó ṣòro kí a rí agboolé kan tí wọn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Nọ́ọ̀sì wọn tàǹsíọ̀n bàbá, ó rí i pé ó ga, ó ní kí bàbá dín iyọ̀ kù. Bàbá délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọbẹ̀ di méjì. Ìkòkò ńlá wà fún gbogbo ilé, pẹ̀lú iyọ̀ àti kúbù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkòkò kékeré wà fún bàbá nìkan, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, bàbá jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń fajú ro. Igi ìdáná ń tán kíákíá, ó sì ti rẹ ìyàwó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkòkò kékeré ti wà lábẹ́ àwọn ìkòkò yòókù, bàbá sì ti padà sídìí ìkòkò ńlá.

Bí ó bá wá jẹ́ ìyá ilé fúnra rẹ̀ ni tàǹsíọ̀n rẹ̀ ga, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún un? Ìyá kì í dáná lẹ́ẹ̀mejì nítorí ara rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ bá jẹ ni òun náà yóò jẹ.

Èrò tèmi nìyí: ìkòkò ńlá ni kí a tún ṣe. Kí a fi ìkòkò kékeré sílẹ̀. Kí gbogbo ilé jọ máa jẹ ọbẹ̀ kan náà, tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Kí ni tàǹsíọ̀n?

Ọkàn wa dà bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára tó pọ̀ jù ti ara iṣan lójoojúmọ́, iṣan á le, á sì gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó lè dí, ó sì lè bẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, apá kan ara lè rọ, ẹnu lè wọ́, ọ̀rọ̀ lè há sí ẹni náà lẹ́nu. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Tàǹsíọ̀n tún máa ń ba ọkàn jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ba ojú jẹ́.

Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ lójijì, púpọ̀ nínú wa a máa sọ pé àwọn ayé ló ṣe é. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó máa wá ẹni tó ṣe é kiri, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: ìgbà wo ni wọ́n wọn tàǹsíọ̀n rẹ̀ kẹ́yìn?

Àwọn mìíràn a máa sọ pé: «Orí kò fọ́ mi, tàǹsíọ̀n kò sí lára mi.» Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tàǹsíọ̀n kì í fi àmì kankan hàn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, sọ pé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ẹni ọdún 30 sí ẹni ọdún 79 ju bílíọ̀nù kan lọ ní gbogbo ayé. Ó kù díẹ̀ kí àwọn tí kò mọ̀ pé ó wà lára àwọn pé ìdajì wọn. Ní orílẹ̀-èdè wa Benin, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 fi hàn pé nínú àgbàlagbà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ló ní in.

Kì í sì í ṣe àrùn olówó Kútọnu nìkan. Ní ọdún 2015 náà ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlera àwọn ará abúlé Tanvè, ní ẹ̀bá Abomey, láti mọ bí àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú àwọn ará oko. Àwọn bíi tiwa ni wọ́n ń wò, àwọn tó ń roko, tí wọ́n sì ń ta ohun tí wọ́n bá kórè.

Nọ́ńbà méjì tó yẹ kí a mọ̀ ọ́n kà

Bí nọ́ọ̀sì bá wọn apá yín tán, nọ́ńbà méjì ni yóò sọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n a máa sọ pé «mẹ́rìnlá lórí mẹ́sàn-án», wọ́n a sì kọ ọ́ báyìí: 14/9. Nínú ìwé mìíràn, ẹ ó rí 140/90. Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà kejì ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá sinmi.

Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá tó 14 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí ìkejì bá tó 9 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàǹsíọ̀n ti ga nìyẹn. Ìgbà kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ẹni tó sáré dé láti ọjà, nọ́ńbà rẹ̀ lè ga fún ìgbà díẹ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n tó wọ̀n yín, ẹ lọ tọ̀. Ẹ má ṣe mu kọfí tàbí sìgá ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Kí apá yín wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan àyà. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé yín. A kò kọ́ nọ́ńbà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nítorí owó epo àti owó gàrí nìkan. Ìwé kékeré yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń ṣe nílé ń ràn yín lọ́wọ́.

Iyọ̀ tí a kò rí

N kò bá iyọ̀ jà. Iyọ̀ wà nínú ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Ara wa nílò rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí ló ń dènà gẹ̀gẹ̀ ọrùn, òun náà sì ni kí a máa rà. Àpọ̀jù ni mo ń sọ.

OMS ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Gíráàmù 5 kò ju ṣíbí tíì kan lọ, tí a fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Bí àgbàlagbà mẹ́fà bá wà nínú ilé, ṣíbí tíì mẹ́fà ni fún oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ lápapọ̀. Ẹ wá wo bí a ṣe ń bu iyọ̀ sínú ìkòkò. Ọwọ́ ni a fi ń bù ú, ojú ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Iyọ̀ inú ike nìkan kọ́ sì ni iyọ̀. Nǹkan bí ìdajì kúbù tí a ń jù sínú ọbẹ̀ jẹ́ iyọ̀. Kúbù ńlá kan tó wọn gíráàmù 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iyọ̀ tó yẹ kí ẹnì kan jẹ láti àárọ̀ di alẹ́. Iyọ̀ wà nínú lanhouin àti nínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀. Ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú sàdíìnì. Ẹni tó bá ju kúbù mẹ́ta sí ọbẹ̀, tó fi lanhouin sí i, tó tún wá bu iyọ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan ṣoṣo.

Ǹjẹ́ àwọn ará abúlé lè yí èyí padà? Ẹ jẹ́ kí a wo Gánà. Àwọn oníṣègùn kan ṣiṣẹ́ ní abúlé 12 ní ilẹ̀ Àṣáńtì, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó lé ní 1,000. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé láti dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ kù, àti láti rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi kí wọ́n tó sè é. Èsì iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí i pé bí iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ bá ṣe kéré tó ni tàǹsíọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tó. Èmi tí mo ń darí kíláàsì kíyè sí ohun kan níbẹ̀: kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ ni.

Bí a ṣe lè tún ìkòkò ńlá ṣe

Ohun mẹ́rin ni mo dámọ̀ràn.

1. Ẹ fi ṣíbí wọn iyọ̀, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ṣíbí mẹ́rin ni ẹ ń fi sí ìkòkò, ẹ fi mẹ́ta àti ààbọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ó di mẹ́ta. Ahọ́n á máa kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọbẹ̀ àtijọ́ gan-an ni yóò wá dà bí ẹni pé iyọ̀ já a.

2. Ẹ yan ọ̀kan. Bí kúbù bá wọ inú ọbẹ̀, kí iyọ̀ dúró síta. Bí lanhouin bá wọ̀ ọ́, kí kúbù dúró síta. Ẹ rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì da omi náà nù.

3. Ẹ jẹ́ kí ohun mìíràn mú ọbẹ̀ dùn. Irú, àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, ata àti efinrin wà lọ́dọ̀ wa. Kí kúbù tó dé, irú ni àwọn ìyá ìyá wa fi ń se ọbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú bóyá ó ti fi iyọ̀ sí i.

4. Ẹ gbé ike iyọ̀ kúrò nídìí oúnjẹ. Ohun tó bá wá láti inú ìkòkò ti tó.

Kí ló dé tí gbogbo ilé fi gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́?

Èkíní, ẹni tí a mọ̀ pé tàǹsíọ̀n rẹ̀ ga lè má jẹ́ òun nìkan nínú ilé. Ẹ rántí aláǹgbá tó dakùn délẹ̀. Ìkejì, ọmọdé ń kọ́ ahọ́n rẹ̀ nídìí ìkòkò ìyá rẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà sórí ọbẹ̀ tó kún fún kúbù kò ní fẹ́ràn òmíràn nígbà tó bá pé ẹni ogójì ọdún. Ìkẹta, oúnjẹ àdájẹ kì í pẹ́. Ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ tirẹ̀ ní igun ilé, nígbà tí òórùn ọbẹ̀ dídùn ń ti ọ̀dọ̀ àwọn yòókù wá, dà bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Ẹni tó bá jẹun pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ ni yóò lè forí tì í.

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá máa sọ fún mi. Wọ́n á ní: «Olùkọ́, bí mo bá dín iyọ̀ kù, ọkọ mi á ní n kò mọ ọbẹ̀ sè. Ìyá ọkọ mi á ní ṣé iyọ̀ ti tán lọ́jà ni.» Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìtìjú náà kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹ̀yin ọkùnrin sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, níwájú ìyá yín àti níwájú àwọn ọmọ: «Èmi ni mo ní kí a dín iyọ̀ kù nínú ilé yìí.» Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn yóò bo ìyàwó yín ní àṣírí. Bí ọkùnrin bá dákẹ́, obìnrin nìkan ni yóò ru ẹ̀bi ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi padà sí ti àtijọ́.

Oko wa náà ní iṣẹ́ tirẹ̀

Iyọ̀ nìkan kọ́. Èròjà kan wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti lé iyọ̀ jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń hù lórí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe? A ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn lọ sí ọjà, a ń fi owó rẹ̀ ra kúbù bọ̀ wálé. N kò ní kí a má tà mọ́. Mo ní kí a kọ́kọ́ yọ ti ilé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lè máa bọ́ ilé kan.

Epo pupa ni ọrọ̀ agbègbè wa. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má léfòó lórí ọbẹ̀. Epo tó pọ̀ jù a máa mú ènìyàn sanra, ara tó bá sì wúwo jù a máa gbé tàǹsíọ̀n sókè. Sódàbì tí a ń pọn láti inú ẹmu náà ń gbé e sókè. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́, kí ó dín in kù. Ẹni tí kò mu ún rí, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀. Sìgá àti tábà ń ba iṣan jẹ́, kò sí èyí tó dára nínú wọn.

Àgbẹ̀ lè sọ pé: «Mo ń roko láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò lè mú mi.» Iṣẹ́ ara dára lóòótọ́, ó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ́ kò lè ro gbogbo iyọ̀ jáde. Ní ti àwọn tó ń jókòó nídìí ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́, àti àwọn oní zémìjáànì tí ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ìrònú ni ó ń fa tàǹsíọ̀n. Ìrònú lè gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀, àìsùn kò sì dára fún ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn lójoojúmọ́ lè ní tàǹsíọ̀n. A kò lè máa sọ fún opó pé kí ó má ronú, kí a wá fi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ọbẹ̀ kì í ṣe ipò oògùn

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa níhìn-ín. Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn, ẹ má ṣe torí ọbẹ̀ tuntun fi í sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, oògùn àti ọbẹ̀ ló jọ mú un lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá, nọ́ńbà rẹ̀ á tún gòkè, òun kò sì ní mọ̀. Dókítà ló lè dín in kù, ẹ má ṣe dín in kù fúnra yín.

Ẹ má sì ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú agbọ̀n lọ́jà. Èsì ìwádìí kan jáde ní ọdún 2017 lórí oògùn ọkàn àti ti tàǹsíọ̀n ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, Benin sì wà lára wọn. Nínú oògùn mẹ́fà tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ọ̀kan ni kò péye. Èyí tí wọ́n rà ní ìta ọjà burú ju ti ilé oògùn lọ. Ẹni tó ra oògùn tí kò péye ti ná owó rẹ̀, ó rò pé òun ń tọ́jú ara òun, àrùn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ má ṣe fi ọjọ́ àyẹ̀wò kan sílẹ̀ láìlọ. Tàǹsíọ̀n inú oyún lè pa ìyá àti ọmọ. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣàdéédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní ọjọ́ náà gan-an.

Kí a tó pa ìwé dé

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Bí a bá fi ẹnì kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kékeré rẹ̀, ọwọ́ kan ni a fi ń sọ àyà náà. Ẹ ka ìwé yìí sí etí ará ilé yín tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí:

Ta ni nínú ilé wa tí wọn kò tíì wọn tàǹsíọ̀n rẹ̀ láti ọdún tó kọjá?

Ṣíbí iyọ̀ mélòó àti kúbù mélòó ló wọ inú ìkòkò wa lánàá?

Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, «Èmi ni mo ní kí a dín in kù»?

Ẹ kọ ìdáhùn náà sínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un kà.